Àìsàn Ń Wo Ojú Ọjọ́: Ìtọ́jú Ilé àti Ara láti Ìgbà Ọyẹ́ dé Ìgbà Òjò

Àwọn àìsàn kan máa ń wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó wọlé tọ ni. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹrin ni ibà Lassa máa ń jà jù. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ló fún un lórúkọ, lẹ́yìn tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1969, ṣùgbọ́n ẹ bi ará Ọ̀wọ̀ léèrè bóyá àrùn Òkè Ọya nìkan ni. Eku ló ń gbé e kiri. Bí oúnjẹ bá wọ́n nínú igbó lẹ́ẹ̀rùn, eku a ya wọlé, a tọ̀, a sì yàgbẹ́ sínú gàárì tí a kò dé. Inú ike tó ní ìdérí ni kí gàárì, èlùbọ́ àti ìrẹsì máa wà, kí a má sì sá wọn sí etí títì mọ́. Ẹni tó fẹ́ràn ẹran eku lè bínú sí wa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọwọ́ lásán kun ún ń fi ara rẹ̀ wewu.

Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ó kan ẹ̀fọn. Láti orí ẹyin dórí ẹ̀fọn tó ń fò kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Ìdí nìyí tí ìmọ́tótó àyíká ti Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kò fi tó: kó tó tún yí kàn, ìran ẹ̀fọn méjì lè ti fò jáde nínú táyà ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa da omi inú táyà, agolo àti abọ́ adìyẹ nù. Kí aláboyún àti ọmọdé sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kó móoru tó. Bí ara bá gbóná, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo oògùn. Ní ti kulorokúìnì tí àwọn àgbà ṣì ń bèèrè lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, láti ọdún 2005 ni ìjọba ti fi àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò rẹ̀, nítorí kòkòrò ibà ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Òjò yìí kan náà ló ń ṣan ìgbẹ́ wọ kànga. Kànga tí kò jìnnà tó mítà 30 sí ṣáláńgá, ẹ má jẹ́ kí mímọ́ ojú omi rẹ̀ tàn yín jẹ. Ẹ se omi náà kó hó kí ẹ tó mu ún. Onígbáméjì tí irú omi bẹ́ẹ̀ ń fà ò ní sùúrù: ó lè fa omi ara ènìyàn gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láàárín 1985 sí 1992, wọ́n polongo omi oníyọ̀ òun ṣúgà gan-an, kò sì yẹ kó di ìgbàgbé. Lítà omi kan tí a ti sè tó ti tutù, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gbá ojú ṣíbí kó tẹ́jú, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù ń ṣe ọmọ ní jàǹbá. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ti lo ọjọ́ kan, ẹ dà á nù. Lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn náà, ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Àwọn jàǹbá inú ilé kan kì í wo oṣù rárá. Ta ló kọ́ wa láti máa rọ kẹrosíìnì sínú ìgò mínírà? Ọmọ ọdún méjì tó bá rí i, ohun mímu ló rí. Bó bá ti mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú un bì: èébì ló ń gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ. Bí omi gbígbóná bá da sí ènìyàn lára, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi rọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe ògì, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín. Ọmọ tí gìrì bá mú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì rọ ọ́ ní ìtọ̀ màlúù. Jẹnẹrétọ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ kọ́rídọ̀, nítorí gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn.

Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ NCDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232. Ti pàjáwìrì ni 112.