Ìbáṣepọ̀ Ẹ̀yà nínú Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Olùkọ́ Jọ́gíráfì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn kan gbà pé olùkọ́ ìtàn ni ọ̀rọ̀ ìbáṣepọ̀ láàrin aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú kàn, pé òjò, odò àti òkè ni ti olùkọ́ jọ́gíráfì. Èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì gan-an ni àwọn onímọ̀ kan ti gbé ìwà ènìyàn ka orí ojú-ọjọ́. Ní ọdún 1915, Ellsworth Huntington, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé Civilization and Climate jáde. Ó ní ojú-ọjọ́ tí ó tutù níwọ̀n ni ó ń mú kí ọpọlọ àti ara jí pépé, àti pé ooru a máa sọ ènìyàn di ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá ti rí àgbẹ̀ tí ń kọ ebè lọ́sàn-án gangan yóò mọ irú ọ̀rọ̀ tí èyí jẹ́.

Lẹ́yìn ọdún 1948 tí ọkọ̀ Empire Windrush gúnlẹ̀, ọmọ àwọn ará Karibíànì, ti Íńdíà, àti ti Yorùbá pàápàá, wá ń pọ̀ sí i ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1985, ìgbìmọ̀ tí Lord Swann ṣe alága rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà kì í ṣe ti ilé-ìwé tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí nìkan. Ó kan ilé-ìwé tí kò ní ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì kan àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ níṣẹ́.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì? Máàpù Mercator ti ọdún 1569 ni ó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn: ó fi Greenland hàn bí ẹni pé ó tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tó ìlọ́po rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀nà 14. Àpẹẹrẹ yìí dára, ṣùgbọ́n ó rọrùn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ a rẹ́rìn-ín, a sì gbàgbé. Èyí tí ó jinlẹ̀ ni ẹ̀kọ́ nípa ibùgbé. Olùkọ́ a tẹ́ máàpù Lọ́ńdọ̀nù ti nǹkan bí ọdún 1960 sílẹ̀, a fi hàn pé Brixton ni àwọn ará Karibíànì pọ̀ sí, a sì bèèrè ìdí rẹ̀. Ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu ni pé oníkálukú fẹ́ràn láti máa gbé láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin àkọ́kọ́ lórí ìbáṣepọ̀ ẹ̀yà, ti 1965, kò ká ọ̀pọ̀ onílé lọ́wọ́ kò. Ó di 1968 kí òfin tó ka fífi àwọ̀ ara lé ayálégbé padà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti rí yàrá gbà ni wọ́n ń gbé. Owó àjọ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ra ilé nígbẹ̀yìn, àjọ tí ará Jàmáíkà ń pè ní pardner, tí ará Trinidad ń pè ní susu, orúkọ tí ó fara jọ èésú. Olùkọ́ tí kò mọ èyí kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ó ti sọ ìpinnu onílé di ìfẹ́ ayálégbé.

Àkókò ni ìṣòro. Ní 1992, ìjọba pàṣẹ pé nínú ọ̀sẹ̀ 36 tí ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé gírámà, inú ilé-ìwé ni kí ó ti lo 24. Ọ̀sẹ̀ 12 péré ni ó ṣẹ́ kù fún yunifásítì. Kò yani lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà bá di ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sán kan ṣoṣo, nígbà tí ọkàn gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti wà níbi wíwá iṣẹ́.

Yóò sàn kí olùkọ́ni yunifásítì fún wọn ní máàpù Brixton náà ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí wọ́n kọ ètò ẹ̀kọ́ lé e lórí fún ọmọ ọdún 13. Lẹ́yìn náà kí ó gbé òfin 1968 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó ní kí wọ́n tún un kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ń rán lọ sí abúlé tí kò sí aláwọ̀ dúdú kankan ni kí ó kọ́kọ́ ṣe é.