Ẹ̀yìn IC Ámpù: Ibi Tó Yẹ Kó Fara Kàn

Admin yín ní Hayin Banki ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó béèrè ìdí tí ámpù tó fi ń polówó ọjà ṣe ń dákẹ́ bí oòrùn bá mú, ẹ tẹ́tí. Ọ̀pọ̀ yín ló ń ju páńẹ́ẹ̀lì nù pé féèkì ni, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn IC ni wọn ò dè dáadáa.

Irin tó wà lẹ́yìn IC, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń gbé ooru jáde, iná sì tún wà lára rẹ̀. Ti iná yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Ẹ mú TDA7294 tó wà nínú àwọn ámpù ńlá. Pósítífù àti négétífù ló ń lò, gíráńdì wà láàárín. Irin ẹ̀yìn rẹ̀, orí négétífù ló wà, kì í ṣe gíráńdì o! Tó bá jẹ́ 35 volt lẹ gbé fún un, 35 yẹn wà lára irin yẹn. Ẹ wá dè é mọ́ heat sink tó kan àpótí irin, àpótí sì wà lórí gíráńdì: wọ́n ti pàdé nìyẹn. Fíùsì á já. Tí ẹnì kan bá sì ti fi wáyà rọ́pò fíùsì, bá a ṣe mọ ara wa, tiransifọ́mà ló máa jó, ìsọ̀ lè tẹ̀ lé e. Ìdí tí máíkà fi gbọ́dọ̀ wà láàárín nìyẹn. Àmọ́ máíkà nìkan ò tó. Síkúrù irin tó gba ihò IC kọjá á tún gbé iná yẹn dé heat sink, àfi kẹ́ ẹ fi wáṣà rọ́bà sí i. Tẹ́ ẹ bá dè é tán, kẹ́ ẹ tó tan iná, ẹ fi mítà kan ẹ̀yìn IC àti heat sink. Tó bá dún, ẹ tú u.

LM3886T náà bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n kọ TF sí, ike ti bò ó lẹ́yìn, kò nílò máíkà.

Páàsìtì funfun yẹn ńkọ́? Kó fẹ́lẹ́ ni. Ẹ má kùn ún bíi bọ́tà orí búrẹ́dì, tó bá nípọn, òun gan-an á dínà ooru.

Páńẹ́ẹ̀lì kéékèèké tuntun yàtọ̀. TPA3116 kọjú irin rẹ̀ sókè sí heat sink, TPA3118 kọ tiẹ̀ sísàlẹ̀ sí páńẹ́ẹ̀lì. Gíráńdì ni ti àwọn méjèèjì, kò sí máíkà níbẹ̀. Ti 3118, lẹ́èdì ló gbọ́dọ̀ lẹ ikùn rẹ̀ mọ́ bàbà tó wà lábẹ́, torí bàbà yẹn ló ń gba ooru rẹ̀. Ẹni tó bá fi soldering iron nìkan pààrọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ IC ló máa dé, ikùn á wà lófìfo. Ní ohùn kékeré, á kọrin dáadáa. Ẹ yí i sókè nínú ooru oṣù kẹta Kàdúná, kò ní pẹ́ tó fi máa pa ara rẹ̀ kó má bàa jó. Tó bá tutù, tẹ́ ẹ tún un tàn, á tún kọ. Ó jọ pé ohun tó ń ṣe ámpù ẹni tó béèrè nìyẹn.

Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe, àwọn ló ní blower. Ẹ dúró tì wọ́n kẹ́ ẹ rí i pé lẹ́èdì yọ́ dé abẹ́ ikùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.