Wíwo Ọ̀nà Omi Inú Ojú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Gulọkómà

Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ gulọkómà fún ènìyàn, ohun tó máa ń bi dókítà nígbàkígbà tó bá padà lọ ni pé, “Ìfúnpá ojú mi ti di mélòó báyìí?” Ìbéèrè tó dára ni, àmọ́ nọ́ńbà yẹn kì í sọ ìdí. Tó bá lọ sókè, ó lè jẹ́ pé ihò tí wọ́n lu kí omi inú ojú lè máa jáde ti dí láti inú, ó lè jẹ́ pé òwú tí wọ́n fi rán an ló fún jù, ó sì lè jẹ́ pé àpá ló ti bò ó láti òkè. Ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán ibẹ̀.

Ojú ń pèsè omi kan tó mọ́ gaara, tí kì í ṣe omijé, bíi microlitre 2 sí 3 ní ìṣẹ́jú kan. Omi yìí ń gba àárín ẹyinjú bọ́ síwájú, ó sì ń lọ sí igun tí dúdú ojú ti pàdé funfun rẹ̀. Asẹ́ tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó ń gbà á sínú ọ̀nà tóóró tó ń gbé e lọ bá ẹ̀jẹ̀. Nínú oríṣi gulọkómà tó wọ́pọ̀ jù lọ, asẹ́ yìí kì í jẹ́ kí omi kọjá dáadáa mọ́, ìfúnpá á ga, iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 1968 ni J. E. Cairns, dókítà ojú ní Cambridge, gbé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní trabeculectomy jáde. Wọ́n á gé funfun ojú bí ilẹ̀kùn kékeré lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, wọ́n á lu ihò sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá fi òwú rán ilẹ̀kùn náà kí omi lè máa jò díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó. Awọ náà á wú bí ìléròrò. Bleb ni àwọn dókítà ń pè é.

Ẹ̀rọ OCT ni wọ́n sábà máa ń fi wò ó. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ló ń lò, kò sì ní fara kan ojú rárá. Aláìsàn á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, á wo ìsàlẹ̀, wọ́n á rọra fa ìpéǹpéjú sókè, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ àwòrán á yọ. Pé kò fara kan ojú ṣe pàtàkì fún ojú tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì san. Ẹ̀rọ kejì, UBM, ìgbì ohùn ló ń lò. Ó ń ríran dé ẹ̀yìn dúdú ojú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ OCT kì í dé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi omi tàbí jẹ́ẹ̀lì kan ojú.

Nínú àwòrán OCT, omi máa ń dúdú, ẹran tó bá dì á sì funfun. Bí bleb bá ń ṣiṣẹ́, awọ rẹ̀ á nípọn, á rí wúruwùru, àwọn àlàfo dúdú kéékèèké á wà nínú rẹ̀, a ó sì rí ìlà dúdú lábẹ́ ilẹ̀kùn náà níbi tí omi ń gbà. Èyí tó ti ń bàjẹ́ á lẹ̀ mọ́lẹ̀, á funfun gbòò. Èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni èyí tó ga dáadáa tí omi kún inú rẹ̀, àmọ́ tí odi funfun tó le yí i ká: omi dé ibẹ̀, kò ríbi gbà jáde. Ojú lásán lè pe irú bleb bẹ́ẹ̀ ní dáadáa.

Láti inú àwòrán náà ni dókítà ti ń mọ ohun tó kàn. Bí òwú bá fún jù, wọ́n lè fi lésà já a. Bí àpá bá ti ń mú, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tú u. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ènìyàn dúdú gan-an, nítorí àpá máa ń tètè mú lójú wa ju ti àwọn òyìnbó lọ, bí wọ́n tilẹ̀ fi oògùn mitomycin C sí i nígbà iṣẹ́ abẹ. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ wọ̀nyí, dókítà ṣì lè fi gíláàsì onídígí wo ẹnu ihò náà láti inú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ àyẹ̀wò ṣeré nítorí pé ojú kò dùn ún. Bí wọ́n bá sọ pé ìfúnpá ti ń gòkè, ẹ bi dókítà pé kí ló dí ọ̀nà omi, àti bóyá àwòrán lè fi í hàn kí wọ́n tó tún fọwọ́ kan ojú náà.