Awọ Ẹja Kì Í Ṣe Pàǹtírí

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ orí òkúpòrókó tí wọ́n ń kó wá sí Nàìjíríà láti orílẹ̀-èdè Iceland. Ẹja cod ló ni ọ̀pọ̀ lára orí wọ̀nyí. Kí wá ni wọ́n ń fi awọ rẹ̀ ṣe? Nígbà kan rí, dídànù ni wọ́n ń da púpọ̀ nínú rẹ̀ nù. Láti ọdún 2011 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Iceland Ocean Cluster, ní ìlú Reykjavik, ti ń sapá kí ohunkóhun lára ẹja má ṣe ṣòfò. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ń yọ kọ́lájìn láti ara awọ náà.

Kí ni kọ́lájìn? Òun ni èròjà purotéènì tó pọ̀ jù lọ nínú ara ènìyàn àti ẹranko. Fọ́nrán mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra bí okùn ni, òun ló sì fún awọ àti egungun lágbára. Ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ jù. Ṣùgbọ́n àwọn kan kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àrùn màlúù onísínwín tí wọ́n sì rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1986 kó ìpayà báni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́? Wọn a ha ìpẹ́ àti ẹran kúrò lára awọ, wọn a sì gé e wẹ́wẹ́. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi kọ́sítíìkì tí kò le púpọ̀, kí àwọn purotéènì mìíràn lè jáde, wọn a sì yọ ọ̀rá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn a rẹ ẹ́ sínú irú ásíìdì tó wà nínú ọtí kíkan, fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́lájìn a yòrò sínú omi náà. Bí wọ́n bá sẹ́ ẹ tí wọ́n sì da iyọ̀ sí i, a dì pọ̀. Wọn a wá fọ iyọ̀ kúrò, wọn a sì fi òtútù gbẹ ẹ́, títí yóò fi funfun bí òwú.

Ooru ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Nínú òtútù tó tó ìwọ̀n 4 ti Celsius ni wọ́n ti ń ṣe é. Inú omi tútù ni ẹja cod ń gbé, nítorí náà kọ́lájìn rẹ̀ kò lè fara da ju nǹkan bí ìwọ̀n 15 lọ. Ti tìlápíà, ẹja omi gbígbóná, ń fara da ohun tó ju 30 lọ. Bí ooru bá ti kọjá ààlà, fọ́nrán mẹ́ta náà a tú, a sì di gelatin, èyí tó ń mú kí ọbẹ̀ ẹja dì nígbà tó bá tutù. Gelatin náà wúlò, ṣùgbọ́n kò lè padà di kọ́lájìn mọ́.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí awọ ẹja tiwa náà wúlò lọ́nà yìí, yìnyín ni ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti wá. Awọ tí oòrùn ti pa lọ́jà kò tún ní kọ́lájìn tó péye láti fún wa.