Kí Ni Ìjọba Ń Sanwó Rẹ̀ Bí Ó Bá Wó Ilé?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Gbági, ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé ìlú náà ní 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn oníṣòwò Kóráà (ará Lẹ́bánónì) tẹ̀dó sí Gbági, títí ó fi di ibùdó ọjà aṣọ. Nígbà tí ìjọba wá kọ́ Gbági Tuntun sójú ọ̀nà Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ aláṣọ kó lọ. Ìgàn aṣọ ṣeé kó sínú ọkọ̀. Oníbàárà tó ń ti Dùgbẹ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni kọjá kò ṣeé kó.

Kí ìjọba máa wó ilé tàbí ṣí ọjà nípò láti tún ìlú ṣe ni òyìnbó ń pè ní urban renewal. Àtúntò ìlú la ó máa pè é. Ibi tó ti ń dun èèyàn jù ni owó gbà-má-bínú, ẹ sì jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ó bá nílò ilẹ̀ fún ohun tó kan gbogbo ìlú, ó lè gba ẹ̀tọ́ tẹ́ ẹ ní lórí rẹ̀. Ní ti ilé, wọ́n á ṣírò iye tí wọn yóò fi tún un kọ́, wọ́n á sì yọ owó ogbó kúrò. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye owó ilẹ̀ tẹ́ ẹ san lọ́dún tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ náà ni wọ́n á fún yín, bí ẹ bá san rárá.

Ẹ wá gbé òṣùwọ̀n yìí dé agboolé kan ní Bẹẹrẹ tàbí Bẹ́yẹrúnkà, n'Ìbàdàn. Ògiri alámọ̀, páànù tó ti dípẹtà: ogbó ti jẹ owó ilé náà tán. Ilẹ̀ ìdílé ni, kò sẹ́ni tó ń sanwó lórí rẹ̀: òdo. Sàréè bàbá àgbà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà tí ìyá kan ti ń dín àkàrà nídàájí, tó fi rán ọmọ níwèé ńkọ́? Wọn ò sí nínú ìṣirò. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ télọ̀, tí wọ́n fún un lówó irin àlòkù.

Èyí ò ní ká má ṣe àtúntò ìlú o. Ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa n'Ìbàdàn kún bo ilé, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá ṣí ará etí odò kúrò ṣe wọ́n lóore. Ṣùgbọ́n ẹ wo Èkó: ní 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín ìlú, tí wọ́n sì kó èèyàn lọ Sùúrùlérè. Ilé ibẹ̀ dára, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń tajà pàdánù oníbàárà, ẹbí sì fọ́n ká.

Bí iye tí wọ́n bù fún yín kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, òfin ní kẹ́ ẹ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilẹ̀, àwọn tí gómìnà kan náà yàn. Lójú tèmi, àléébù tó burú jù nínú òfin náà nìyẹn. Nítorí náà, kí ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó tó kan ògiri, ẹ ka yàrá, ẹ ya fọ́tò ilé, kànga àti ṣọ́ọ̀bù, kí agboolé sì yan ẹni tí yóò bá wọn jókòó. Ẹ béèrè ilé mìíràn dípò owó pẹ̀lú. Òfin yìí kan náà fàyè gba gómìnà láti fún yín.