Àwòrán Júdítì Lára Ògiri Ilé

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ pé kí ènìyàn ra àwòkọ iṣẹ́ ọnà ńlá kan, kí ó fi férémù sí i, kí ó sì gbé e kọ́ sára ògiri yàrá tí ó ti ń gba àlejò. Nínú àwọn àwòrán tí àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin fẹ́ràn láti máa gbé kọ́ báyìí, ọ̀kan wà tí ó lè mú kí àlejò gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀: èyíinì ni àwòrán Júdítì tí Artemisia Gentileschi, obìnrin ará Róòmù tí a bí ní 1593, yà. Obìnrin méjì di ọkùnrin kan mọ́lẹ̀ lórí ibùsùn, ọ̀kan nínú wọn sì ń fi idà gé e lórí. Kí ni ẹni tí ó gbé irú àwòkọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ní lọ́wọ́ gan-an?

Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà mọ ìtàn náà nínú Ìwé Júdítì. Àwọn Pùròtẹ́sítáńtì kà á mọ́ Àpókírífà. Holofernes, balógun àwọn ará Asíríà, dó ti ìlú Bétúlíà, ó sì gba orísun omi mọ́ wọn lọ́wọ́. Opó kan tí ń jẹ́ Júdítì ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, òun àti ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ wọ ibùdó ọ̀tá lọ. Nígbà tí ọtí sì ti pa balógun náà, Júdítì fi idà ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ bẹ́ ẹ lórí. (Mọremí yóò sọ sí ẹlòmíràn lọ́kàn níhìn-ín. Ṣùgbọ́n àṣírí ọ̀tá ni Mọremí lọ mú wá, kò gbé idà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti yà.)

Àwọn ọkùnrin ti ya ìtàn yìí ṣáájú Artemisia. Nínú èyí tí Caravaggio yà ní nǹkan bí 1599, tí ó wà ní Palazzo Barberini ní Róòmù, Júdítì fà sẹ́yìn bí ẹni tí ń kórìíra ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe; arúgbó ni ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, ó kàn dúró tì í ni, ó ń retí orí tí yóò bọ́ sínú aṣọ tí ó tẹ́wọ́ lé. Artemisia yí gbogbo èyí padà. Ọ̀dọ́ ni ìránṣẹ́bìnrin tirẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n ara rẹ̀ tẹ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Júdítì ti ká apá aṣọ sókè. Ó fi ọwọ́ kan gbá orí mú, ó fi ọwọ́ kejì fa idà. Bí ẹni tí ń pa ẹran ọdún ni wọ́n ṣe tẹjú mọ́ iṣẹ́ wọn, kò sí èyí tí ó ya ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Apá mẹ́rin tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ wọ̀nyí ni ọkàn àwòrán náà, lójú tèmi, ẹ̀jẹ̀ kọ́.

Ìtàn tí a sábà máa ń sọ nípa rẹ̀ ni ti ẹ̀san. Ní 1611, ayàwòrán kan, Agostino Tassi, tí òun àti bàbá Artemisia jọ ń ṣiṣẹ́, fi ipá bá ọmọbìnrin náà lò pọ̀. Ọ̀ràn dé ilé ẹjọ́ ní 1612. Ẹni tí a ṣẹ̀ sì ni a fi okùn fún ní ìka, kí a lè mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ó ń sọ. Ìka tí yóò fi yàwòrán! Wọ́n dá Tassi lẹ́bi, wọ́n ní kí ó kúrò ní ìlú, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èmi kò sọ pé ìrora yìí kò sí nínú àwòrán náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí a bá fi í mọ síbẹ̀, Tassi ni a tún fi ṣe olórí ìtàn obìnrin náà.

Nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ya á. Èyí àkọ́kọ́, ti nǹkan bí 1612 sí 1613, níbi tí Júdítì ti wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù, wà ní Capodimonte ní Naples. Èkejì, ti nǹkan bí 1620, tí aṣọ rẹ̀ pọ́n bí wúrà tí ẹ̀jẹ̀ sì ń tú jáde, wà ní Uffizi ní Florence. Nígbà tí ó fi ya èkejì yìí, ó ti di ìyàwó ilé àti ìyá ọmọ, ó sì ti di obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Florence gbà wọlé, ní 1616. Nínú ìwé tí ó kọ sí Galileo ní 1635, ó rán an létí pé ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni òun fi rí owó gbà lórí àwòrán Júdítì kan tí òun yà fún Cosimo, olórí Tuscany. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí ó mọ iye iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Ìgbà tí Linda Nochlin béèrè ní 1971 pé kí ló dé tí a kò fi rí obìnrin láàárín àwọn àgbà ayàwòrán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo Artemisia lójú báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí àwòkọ. Nígbà tí Käthe Kollwitz ti ilẹ̀ Jámánì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ igi tí a fi tẹ àwòrán, ojúlówó ni tákàdá kọ̀ọ̀kan. Ti Júdítì kò rí bẹ́ẹ̀: fọ́tò ni a yà, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́, orúkọ ńlá yòówù tí òǹtajà ìbáà fún un. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọnù ni òkùnkùn. Lára ojúlówó, a rí ìpele dúdú lórí dúdú. Nínú àwòkọ tí kò dára, gbogbo rẹ̀ a di èédú, apá ìránṣẹ́bìnrin a sì rì sínú rẹ̀. Nítorí náà, apá yẹn ni kí òǹrajà kọ́kọ́ wò, kí ó sì béèrè èwo nínú méjèèjì ni a ń tà fún un. Tákàdá tí a fi òwú ṣe sàn ju ti igi lásán lọ, tí í máa pọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó kan gíláàsì, kí oòrùn má sì pa á.

Ẹni tí kò bá lè fi ẹ̀jẹ̀ sí yàrá tí ó ti ń jẹun lè wá àwòkọ òmíràn tí Artemisia yà lórí ìtàn kan náà, tí ó wà ní Detroit ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ìránṣẹ́bìnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń di orí náà sínú aṣọ. Júdítì sì gbé ọwọ́ sókè níwájú iná àbẹ́là, òjìji ọwọ́ náà bo ìdajì ojú rẹ̀, bí ẹni tí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lóde.