Orúkọ Ń Ro Ni: Orísun àti Ìgbajúmọ̀ Kevin, Orúkọ Ọmọkùnrin Ilẹ̀ Áyálándì

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé orísun Kevin, orúkọ ọmọkùnrin tí ó ti inú èdè Gáẹ́líìkì ilẹ̀ Áyálándì wá, àti bí ó ṣe gbajúmọ̀ dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Faransé àti Jámánì ní ọ̀rúndún ogún. Ó fi hàn pé orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ 'abíire' padà di orúkọ tí àwọn kan ń yọ ṣùtì sí nílẹ̀ òkèèrè. Èrò tí ó jẹ yọ nínú àyẹ̀wò náà ni pé agbára tí orúkọ fi ń ro ọmọ kò sí nínú ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan. Ojú tí àwùjọ fi ń wo ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ ni ó ju ìtumọ̀ lọ, ojú olùkọ́ sì wà ní iwájú nínú wọn.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún gbà pé orúkọ ń ro ni. Òwe àkọ́kọ́ ń sọ nípa òbí: ipò tí ìdílé wà, ìsìn wọn àti ohun tí ojú wọn ti rí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún ọmọ lórúkọ. Èkejì ń sọ nípa ọmọ: orúkọ tí a fún un yóò bá a kalẹ́. Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí òwe àkọ́kọ́, wọ́n sì ti pín orúkọ Yorùbá sí àmútọ̀runwá, àbísọ, àbíkú àti oríkì. Ìbéèrè tí òwe kejì gbé dìde kò tíì rí irú àfiyèsí bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ bá ń ro ni ní tòótọ́, ọ̀nà wo ni ó ń gbà ro ni? Ṣé inú ìtumọ̀ orúkọ ni agbára náà wà, àbí lẹ́nu àwọn tí ó ń pè é?

Orúkọ Kevin wúlò fún ìdáhùn ìbéèrè yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ hàn gbangba, ìtàn rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti ṣe ìwádìí lórí ojú tí a fi ń wo àwọn tí ó ń jẹ́ ẹ. Nítorí náà, orísun rẹ̀ ni àlàyé yóò ti bẹ̀rẹ̀.

2.0 Orísun àti Ìtumọ̀ Orúkọ náà

Cóemgein ni orúkọ yìí nínú Gáẹ́líìkì àtijọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n kàn pọ̀. Ìkíní ni cóem, tí ó túmọ̀ sí 'ọ̀wọ́n', 'ẹlẹ́wà' tàbí 'onínúure'. Ìkejì ni gein, tí ó túmọ̀ sí 'ìbí'. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, a ó rí 'ẹni tí ìbí rẹ̀ dára', èyí tí Yorùbá yóò pè ní abíire. Láti ara ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yìí kan náà ni Caoimhe, orúkọ obìnrin tí wọ́n ṣì ń sọ ọmọ ní Áyálándì, ti wá.

Bí èdè náà ti ń yí padà ni àkọtọ́ orúkọ náà ń yí padà. Ó di Caoimhghin, lẹ́yìn náà ó di Caoimhín tí a ń kọ lónìí. Ẹni tí kò gbọ́ Gáẹ́líìkì lè rò pé m àti h inú rẹ̀ ní ìró tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gẹ́gẹ́ bí gb ti jẹ́ lẹ́tà méjì tí ó dúró fún ìró kan ṣoṣo nínú Yorùbá ni mh ṣe jẹ́ ìró kan nínú Gáẹ́líìkì. Ìró náà sì sún mọ́ èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi v kọ. Ibẹ̀ ni v inú Kevin ti wá. Nínú àkọtọ́ tuntun, gh tí ó wà nínú gein àtijọ́ ti pòórá, ohun tí ó ṣẹ́kù ní ìparí orúkọ sì ti jọ -ín, àfòmọ́ ìparí tí ó ń fi nǹkan kékeré hàn nínú èdè náà. Èyí ni pé ọ̀rọ̀ 'ìbí' ti fara pamọ́ nínú orúkọ kí ó tó di pé orúkọ kúrò nílé rárá.

Ó yẹ kí a ya Kevin sọ́tọ̀ kúrò lára Kelvin, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ń jẹ́. Orúkọ odò kan ní ìlú Glasgow, ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, ni Kelvin. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, William Thomson, ni ó fi odò náà ṣe orúkọ oyè nígbà tí wọ́n fi í jẹ oyè ní 1892. Ìró wọn jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

3.0 Ẹni Mímọ́ tí ó Kọ́kọ́ Mú Orúkọ náà Lókìkí

Ẹni tí ó sọ orúkọ yìí di olókìkí ni Kevin Mímọ́, àlùfáà tí ó dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní Glendalough ní ọ̀rúndún kẹfà. Gleann Dá Loch ni orúkọ ibẹ̀ nínú Gáẹ́líìkì, èyí tí ó túmọ̀ sí 'àfonífojì adágún méjì'. Ó wà ní agbègbè Wicklow, ní gúúsù Dublin. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Kevin lo 120 ọdún láyé, ó sì fi ikú rẹ̀ sí ọdún 618. Àwọn ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà òótọ́ àti àlọ́ ti lọ́ mọ́ra nínú wọn.

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nípa rẹ̀ ni èyí tí Gerald ti ilẹ̀ Wales kọ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá. Ó ní ní àkókò ààwẹ̀ Léńtì, Kevin na ọwọ́ rẹ̀ jáde lójú fèrèsé bí ó ti ń gbàdúrà, ni ẹyẹ dúdú kan bá bà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì yé ẹyin síbẹ̀. Àánú ẹyẹ náà ṣe é. Kò ká ọwọ́ kò, kò sì pa á dé, títí ẹyin náà fi pa. Akéwì ilẹ̀ Áyálándì, Seamus Heaney, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1995, lo ìtàn yìí nínú ewì rẹ̀ kan. Ìwà inú ìtàn náà bá ìtumọ̀ orúkọ mu rẹ́gí: ẹni tí a pè ní abíire hùwà bí abíire. Níbi tí a dé yìí, ẹni tí ó bá ní orúkọ ń ro ni kò ṣì sọ.

Ilé àwọn mọ́ńkì náà di ilé ẹ̀kọ́ àti ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ìsìn ń wọ́ lọ. Ilé ìṣọ́ olókùúta rẹ̀, tí ó ga tó mítà 30, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ni ìjọ Kátólíìkì fi ń ṣe ìrántí Kevin. Ní 1903 ni Póòpù Pius Kẹwàá fi òǹtẹ̀ lu ọlá tí àwọn ènìyàn ti ń bù fún un láti ayébáyé.

4.0 Àtúnjí Orúkọ náà ní Áyálándì

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Áyálándì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé àti ilé ẹjọ́. Àwọn akọ̀wé kò fẹ́ kọ orúkọ Gáẹ́líìkì, wọ́n a sì wá orúkọ mìíràn fi dípò. Báyìí ni Aodh ṣe di Hugh, tí Tadhg di Timothy, tí Conchobhar sì di Cornelius, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtumọ̀ wọn kò bá ara wọn tan. Ti Kevin yàtọ̀. Àkọtọ́ rẹ̀ ni wọ́n yí sí ti Gẹ̀ẹ́sì, ìró rẹ̀ kò jìnnà sí ti ilé.

Ní 1893, Douglas Hyde, Eoin MacNeill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá Conradh na Gaeilge sílẹ̀ láti gbé èdè náà dìde. Orúkọ àbáláyé di ohun àmúyangàn, àwọn òbí sì tún ń wá orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ilẹ̀ wọn fún ọmọ. Láàárín ìran yìí ni a bí Kevin Barry ní 1902. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ń jà fún òmìnira. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹgi fún un ní Dublin ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1920, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Orin tí wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀ tàn káàkiri, ìjọba Áyálándì sì ṣe ìsìnkú ẹ̀yẹ fún un ní 2001. Láti ìgbà náà, orúkọ Kevin kò dúró lórí ìsìn nìkan mọ́. Ó ti di orúkọ akínkanjú.

5.0 Ìgbajúmọ̀ Rẹ̀ Lẹ́yìn Odi

Ìyàn ńlá ọdún 1845 sí 1852 pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ní Áyálándì, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ sá kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Amẹ́ríkà lọ. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ni ó mú Kevin wọ àwùjọ ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ó ti wọ inú ogún orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọkùnrin ní Amẹ́ríkà, kò sì jẹ́ ti àwọn ará Áyálándì nìkan mọ́.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, bọ́ọ̀lù àti fíìmù ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Kevin Keegan, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbá bọ́ọ̀lù fún Hamburg ní Jámánì láti 1977 sí 1980, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ ní Yúróòpù ní 1978 àti 1979. Ní 1990 ni fíìmù Home Alone jáde, nínú èyí tí ọmọdé kan tí ń jẹ́ Kevin fi ọgbọ́n ṣẹ́gun àwọn olè. Àwọn ará Jámánì tilẹ̀ fi orúkọ ọmọ náà sínú àkọlé fíìmù náà ní èdè tiwọn. Ọdún yẹn kan náà ni Kevin Costner gbé Dances with Wolves jáde, fíìmù tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar méje ní 1991.

Àbájáde rẹ̀ hàn kíákíá. Láti 1989 sí 1994, Kévin ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọkùnrin jù lọ ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1991 nìkan, iye àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní orúkọ náà ju 13,000 lọ. Ní Jámánì pẹ̀lú, ọdún yẹn ni ó gbòde kan jù lọ. Kò sí èyí tí ó kan ẹni mímọ́ Glendalough nínú gbogbo èyí. Ìró orúkọ ni wọ́n rà, wọ́n fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Áyálándì.

6.0 Bí Orúkọ Abíire Ṣe Di Orúkọ Ẹ̀gàn

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá ni orúkọ tuntun ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Kévin kò gba ọ̀nà yẹn. Ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù ni ó kọ́kọ́ gbà á, láti inú fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n. Nítorí èyí, àwọn tí ó ka ara wọn sí ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Jámánì, wọ́n tilẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan, Kevinismus, fún àṣà kí òbí máa fún ọmọ ní orúkọ àjèjì tí wọ́n kà sí ti aláìmọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró lórí ẹ̀fẹ̀. Ní 2009, ìwádìí kan jáde ní Yunifásítì Oldenburg ní Jámánì, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Astrid Kaiser, nípa èrò àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Ó hàn pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ so orúkọ bíi Charlotte, Alexander àti Maximilian mọ́ ọmọ tí orí rẹ̀ pé tí ìwà rẹ̀ sì dára. Kevin, Justin àti Chantal ni wọ́n so mọ́ ọmọ tí kò mọ̀wé àti aláìgbọràn. Olùkọ́ kan kọ ọ́ pé Kevin kì í ṣe orúkọ, pé àbájáde àyẹ̀wò àìsàn ni. Ọmọ tí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ń dá lẹ́jọ́ kò tíì kọ lẹ́tà kan lójú wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn olùkọ́ náà kò jẹ̀bi, nítorí pé àbájáde ìdánwò gbè wọ́n lẹ́yìn. Lóòótọ́, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá nílẹ̀ Faransé, Baptiste Coulmont, ti fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wé èsì ìdánwò àṣekágbá wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni àwọn Kévin tí ó gba ipò tí ó ga jù lọ. Ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ ni kí a gbọ́ yé: orúkọ ń tọ́ka sí ipò tí òbí wà láwùjọ ni, ipò náà ni ó sì ń ṣí ìlẹ̀kùn tàbí tì í. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé kan náà ni ó ń ra ìwé fún ọmọ tàbí tí kò rówó rà á.

7.0 Ohun tí Ó Kan Olùkọ́

Ní 1968, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fún àwọn olùkọ́ pé àwọn ọmọ kan yóò tayọ lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n kàn ṣà wọ́n láìwo ọgbọ́n orí wọn ni. Nígbà tí ọdún parí, àwọn tí wọ́n dárúkọ náà tẹ̀ síwájú ju ẹgbẹ́ wọn lọ, pàápàá ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ipa náà ti pọ̀ tó. Síbẹ̀, ohun tí olùkọ́ ń retí lọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ohun tí a lè fojú di. Ọmọ tí a kò pè dáhùn ìbéèrè kò ní í kọ́ bí a ti ń dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí kíláàsì ilẹ̀ Yorùbá. Ìsìn àjèjì ti mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé yí Ifágbèmí padà sí Olúgbèmí, tí àwọn mìíràn sì sọ Èṣùbíyìí di Jésùbíyìí, nítorí ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ọmọ tí ó bá dìde dáhùn sí i. Kò sí ìkankan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ burú. Ìdúpẹ́ ni wọ́n jẹ́ lẹ́nu àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ wọ́n. Ẹ̀rín tí ó ń tẹ̀lé wọn nígbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ láàárọ̀ kò ti inú orúkọ wá.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti tọ ipasẹ̀ Kevin láti Cóemgein ti Gáẹ́líìkì àtijọ́ dé ilé ìwòran ọdún 1990. Ní Glendalough, orúkọ náà jẹ́ ti abíire. Ní Dublin ó di ti akínkanjú. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Jámánì, ó di ohun tí wọ́n fi ń pe ọmọ ní òmùgọ̀ kí ó tó lanu. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí. Àwọn tí ó ń pè é ni ó ń yí padà.

Àwọn ọmọ náà pàápàá ti dàgbà. Kevin De Bruyne, tí wọ́n bí ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1991, di ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ ní ìran rẹ̀. Kevin Kühnert, tí wọ́n bí ní Berlin ní 1989, jẹ́ akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ òṣèlú SPD láti 2021 sí 2024. Ní 2022, àwọn méjì tí ń jẹ́ Kévin wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Faransé. Orúkọ ń ro ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń fún un ní agbára náà. Olùkọ́ tí ó di ìwé ìforúkọsílẹ̀ mú láàárọ̀ wà lára àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, bí ó bá sì ti pe orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ọmọ yóò ti mọ ohun tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀.